Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lóru, àgbàlagbà 24: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìbarà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Oṣù kẹrin nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ti aládàáni, níbí ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí láti ìgbà tí ìwé àṣẹ mi ti jáde nìyí, nítorí náà n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà mí, wọ́n sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì méjì ni yóò máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Ẹnìkejì mi ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun kí n tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì tíì dé títí di òní. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tí ó ń wà níbẹ̀ láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fún àgbàlagbà 24.

Mẹ́sàn-án nínú wọn kò lè yí ara wọn padà lórí ibùsùn. Mẹ́rin ń gba abẹ́rẹ́ insulin fún àtọ̀gbẹ, àwọn mẹ́ta sì ń fi rọ́bà tọ̀. Bàbá kan tí iyè rẹ̀ ti ń rá máa ń dìde lóru pé òun ń lọ sí oko òun ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, oko tí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé ó ti tà kí a tó bí mi.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, bàbá yìí ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ní àkókò kan náà tí ìyá kan tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ń bì ní yàrá kejì. Ọ̀dọ̀ ìyá ni mo kọ́kọ́ sáré lọ, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé èébì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn méjèèjì yè, ìgbọ̀nwọ́ bàbá nìkan ni ó bó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa rí àyè jókòó, aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá, mo sì rí i pé ìyá mìíràn kò tíì lo oògùn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti aago mẹ́sàn-án alẹ́, èyí tí mo ti sún síwájú nítorí pé ara ẹlòmíràn gbóná. Mo wọ yàrá oògùn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sì sunkún.

Nígbà tí mo sọ fún alábòójútó wa ní àárọ̀, ohun tí ó fi dá mi lóhùn ni pé àwọn tí ó ṣáájú mi ṣe é, wọn kò sì kú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èmi ni mo ń lọ́ra ni? Báwo ni ẹnì kan ṣe ń ṣètò irú òru bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé mo nílò ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa tó lè jẹ́rìí sí ìwé mi fún ilẹ̀ òkèèrè?

Mẹ́tírọ̀n Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìdí-Àbà

Ọmọ mi, mo kí ọ kú ewu òru ọjọ́ Ẹtì. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ kò gùn: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. O kò lọ́ra rárá, iye ènìyàn ni kò tó. Ní òru tí ò ń sọ yẹn, o fi ọ̀nà èémí ṣáájú egungun, ohun tí ó sì máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní odidi ọdún kan kí ó tó mọ́ wọn lára nìyẹn.

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Bí o bá ti wọlé, má ṣe kọ́kọ́ jókòó ti ìwé tí wọ́n kọ ìròyìn àwọn aláìsàn sí. Ìwọ àti nọ́ọ̀sì tí ó ń lọ sílé ni kí ẹ jọ rìn láti ibùsùn dé ibùsùn, kí ó máa sọ fún ọ, kí ìwọ náà sì máa fi ojú ara rẹ rí i. Ní ibùsùn kọ̀ọ̀kan, wo bí ẹni náà ṣe ń mí, wo àwọ̀ ètè rẹ̀, pè é lórúkọ kí o gbọ́ bí yóò ṣe dáhùn, wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó ń ṣàn, kí o sì fi ọwọ́ kan aṣọ ibùsùn bóyá ó tutù. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 24 yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí òru já lu ènìyàn lójijì. Bí ẹni tí ó ń lọ sílé kò bá fẹ́ bá ọ rìn nítorí pé ó ń lé ọkọ̀, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mú bébà kan kí o pín òru rẹ sí ọ̀nà mẹ́ta. Kọ ohun tí ó lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́ sí òkè: èémí tí kò já gaara, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà, ibà líle, àti ẹni tí ó ṣàdédé yàtọ̀ sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ rẹ̀, kọ ohun tí kò ní pa á lónìí ṣùgbọ́n tí yóò dá àìsàn mìíràn sí i lára bí o bá fi í sílẹ̀ di àárọ̀, bíi yíyí ara padà, aṣọ tútù, omi mímu, àti oògùn tí ó ní àkókò. Ohun tí ó lè dúró ni kí o kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: àpótí tí wọ́n fẹ́ kí o tò, ìwé tí wọ́n fẹ́ kí o dà kọ sínú ìwé mìíràn. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tuntun ni ó máa ń fi wákàtí méjì àkọ́kọ́ ṣe ti ìsàlẹ̀ yìí, nítorí pé òun ni ojú ọ̀gá máa ń rí bí ó bá dé ní àárọ̀.

Ní ti insulin, má ṣe gún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé o ti wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àkókò náà, tí o sì ti fi ojú rí oúnjẹ tí yóò jẹ. Síríǹjì tí a ṣe fún insulin nìkan ni kí o fi fà á. Bí ṣúgà bá wá sí ìsàlẹ̀ 70 lórí ẹ̀rọ tí ó ń fi mg/dL kà á, tí ojú ẹni náà sì là, tí ó lè gbé nǹkan mì, po ṣúgà tí ó tó gíráàmù 15 sínú omi fún un, dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Pe dókítà, nítorí gúlúkóòsì inú iṣan ni ó kàn.

Oògùn ìfúnpá tí o gbàgbé yẹn kò gbọdọ̀ di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì láti fi dí àlàfo. Ìfúnpá ni kí o wọ̀n, kí o pe dókítà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an pẹ̀lú aago rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Ẹni tí ó fi àmì sí ìwé pé òun ti fún aláìsàn ní oògùn tí kò fún un ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá wa, tèmi kò pọ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀. Mo ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún oṣù mọ́kànlá, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi títí di òní fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi mi. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń rí i ṣe, ẹni tí ó ni ilé náà yóò máa gbà pé ó ṣeé ṣe, kò sì ní wá nọ́ọ̀sì kejì.

Olùrànlọ́wọ́ Òru

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé èmi tí n kò ní ìwé nọ́ọ̀sì dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni ẹni tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń pè ní auxiliary. Ọdún keje mi nìyí ní ilé ìtọ́jú kan tí ó yàtọ̀ sí ti àǹtí wa yìí. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà ni mo ti bá ṣiṣẹ́, méjì péré nínú wọn ni ó béèrè orúkọ mi ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé.

Ẹ má ṣe dúró títí nǹkan yóò fi bàjẹ́ kí ẹ tó pè wá. Kí alẹ́ tó lẹ́ jù, ẹ pín yàrá fún wa, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́, kí ẹ kọ aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá, aago méjìlá, títí di aago mẹ́fà àárọ̀ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà ibùsùn àwọn mẹ́sàn-án tí a ní láti yí padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹni tí ó bá yí ènìyàn padà yóò kọ ọ́ bóyá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ó fi í lé tàbí ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò sì wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ àti egungun ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́ mi pé kí n má ṣe máa wá ibi tí ó pọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ibi tí egbò fẹ́ yọ máa ń dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó máa ń gbóná, ó sì lè le lábẹ́ ìka. Láti ìgbà náà, mo ti rí mẹ́ta kí ó tó di egbò.

Àwa náà mọ ohun tí kò sí nínú ìwé. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tí kì í la ẹnu fún oògùn alẹ́ àfi bí a bá kọ́kọ́ pè é ní Àbẹ̀ní, tí a sì ki orílẹ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun kan ti bá a jà fún ìdajì wákàtí lórí oògùn kan ṣoṣo kí ó tó rántí láti bi mí.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ má ṣe gbé abẹ́rẹ́ lé wa lọ́wọ́ láti gún, bí ó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, kódà bí a bá sọ pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti gún un rí nítorí pé nọ́ọ̀sì bẹ̀ mí. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n nígbà tí mo ń gún un, ìgbà tí mo délé ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mẹ́tírọ̀n Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìdí-Àbà

Ẹ ṣé é gan-an, ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ yìí. Ìbá wù mí kí n ti bá yín ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá Lókè Òkun

Ẹ jẹ́ kí n tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọdún méjì náà, nítorí pé ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n dúró sí. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé ìwé jáde pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó nígbà náà. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ń kà á, wọn kò sọ pé inú ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo ni ẹ ti gbọ́dọ̀ lò ó tán.

Ìwé kan náà ni ó sọ pé ìgbìmọ̀ yóò kọ̀wé sí ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ gbẹ̀yìn láti béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà rere, àti pé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni èsì rẹ̀ yóò lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ kúrò bí ó ti yẹ. Ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín, ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá bínú jáde ní aago mẹ́ta òru ti fi àgbàlagbà 24 sílẹ̀ láìsí nọ́ọ̀sì, èyí kò sì ní dára létí ẹnikẹ́ni tí ó bá bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀ lọ́la.

Kí ẹ má sì rò pé ibi tí mo wà yìí ni ọ̀run. Ní England níbí, mo ti wà nínú ilé ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń wà fún ilé àgbékà méjì lóru.

Òǹtọ́jú Ọpọlọ, ọ̀nà Àrò

Bàbá tí ó ń lọ sí oko ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi lọ́kàn, nítorí pé irú wọn ni iṣẹ́ mi. Ẹ má ṣe bá a jiyàn pé ó ti ta oko náà. Bí ẹ bá sọ fún un, yóò gbọ́ ìròyìn búburú náà lákọ̀tun lálaalẹ́, inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ lákọ̀tun. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó gbìn sí oko. Ẹ bá a rìn díẹ̀, ẹ mú un lọ tọ̀, ẹ fún un ní omi, kí ẹ sì mú un padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtọ̀ ni ó jí i, oko sì ni ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà sọ ọ́. Bí àkókò tí ó ń dìde kò bá yẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ kan ti mú un lọ tọ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí iná kékeré wà lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ilẹ̀ tútù àti bàtà tí ó tóbi jù náà máa ń gbé wọn ṣubú.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán kò bá mọ̀ ọ́n mọ́ ní alẹ́, ẹ má ṣe kà á sí ọjọ́ ogbó. Ìyípadà òjijì máa ń ní ìdí: àìsàn inú ìtọ̀, òtútù àyà, ìtọ̀ tí ó há, omi ara tí ó gbẹ, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀, tàbí oògùn tuntun. Inú ìsọ̀rí àkọ́kọ́ tí mẹ́tírọ̀n pín ni ó wà. Bí ó bá sì ṣubú, ẹ má ṣe fà á dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ bi í ibi tí ó ń dùn ún, kí ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tí ó kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí síta, lè jẹ́ pé egungun ìbàdí ti ṣẹ́, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ẹ tún ronú nípa àwọn ẹbí. Ní ọdún 1954, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò níbí, ó gba àwọn aláìsàn láyè láti gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni mo fi sọ ọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó mọ aláìsàn náà láti ilé ń rí ohun tí nọ́ọ̀sì kò lè rí.

Ọmọ Ìyá Kan, Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá mi wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo rí egbò ní gìgísẹ̀ rẹ̀, mo sì pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun nìkan ni ó wà fún gbogbo ilé náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa. Owó tí a ń san kò dínkù, a sì rò pé ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ náà kò dínkù.

Nígbà tí mo mọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú láfún àti ewédú, èmi fúnra mi ni mo sì ń fún un jẹ. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ mi pé kí n gbé e jókòó dáadáa kí n tó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, kí n má sì ṣe dá a padà sílẹ̀ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ni yóò wá bí ẹ bá pè wá.

Mẹ́tírọ̀n Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìdí-Àbà

Mo gbóríyìn fún yín, ọmọ wa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Bí ọmọ bá ń fún ìyá rẹ̀ jẹun, ó dára. Bí ẹni tí ó ni ilé bá wá rí i pé àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kì yóò gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ mọ́. Ẹ máa wá, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń san owó jọ lọ bi í léèrè iye nọ́ọ̀sì tí ó wà lóru. Ohùn yín wúwo ní etí rẹ̀ ju ti ọmọ oṣù mẹ́rin yìí lọ.

Ọmọ Ìbarà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí ó ń lọ sílé rìn láti ibùsùn dé ibùsùn, mo sì ti béèrè orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ mi méjèèjì, ojú sì tì mí pé oṣù mẹ́rin ni ó gbà mí. Ìbéèrè mi báyìí ni pé kí ni kí n kọ sí alábòójútó? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbàgbé oògùn, ohun náà ni wọn yóò fi lé mi.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Nígbà Kan, Aké

Àbúrò, ẹ̀rù tí ó bà yín kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ẹ wo ó dáadáa: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, tí kò sì sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu yín àti ọ̀rọ̀ ẹnu alábòójútó ni yóò kù, ẹ sì mọ ti ẹni tí wọn yóò gbà. Ẹ má kọ ìbínú síbẹ̀, ẹ má sì kọ ẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye ènìyàn, ohun tí kò ṣeé ṣe, àti ohun tí ẹ ń béèrè. Bí mo bá jẹ́ yín, báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

“Ní òru ọjọ́ Ẹtì, láti aago méje alẹ́ di aago mẹ́jọ àárọ̀, èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún àgbàlagbà 24, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ méjì. Ara ẹnì kan gbóná, ẹni méjì mìíràn sì nílò ìtọ́jú pàjáwìrì ní àkókò kan náà. Nítorí èyí, oògùn aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti ẹnì kan kò di lílò ní àkókò rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Irú èyí lè tún ṣẹlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iye nọ́ọ̀sì bá wà bẹ́ẹ̀. Mo ń béèrè fún nọ́ọ̀sì kejì lóru, àti fún nọ́ńbà dókítà kan tí mo lè pè ní gbogbo òru.”

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tí ó bá gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ máa kọ irú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá tún ṣẹlẹ̀. Àwọn lẹ́tà yẹn ni ẹ ó tọ́jú sílé. Ẹ má ṣe ya fọ́tò aláìsàn kankan, ẹ má ṣe kọ orúkọ wọn sínú fóònù yín, ẹ má sì ṣe fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp, ìbáà jẹ́ láti fi hàn bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Àṣírí aláìsàn ni, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì.

Ẹ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ wà ní àwọn ilé aládàáni káàkiri ìlú yìí sì tún mọ ara yín, kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè ní aago méjì òru mọ ẹni tí yóò pè. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. A mọ̀ pé àáró Lísàbí kò parí sí oko.

Ọ̀rẹ́ Alẹ́, Kútọ̀

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ara nọ́ọ̀sì náà. Bí ẹ kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ ti B pé, ẹ lọ gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Bí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fún un mọ́ ọwọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ náà, nítorí pé oògùn tí ó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bí ó bá sì ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó. Ẹ má ṣe dá gbé ẹni tí ó wúwo. Aṣọ ibùsùn tí a ká pọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ àti ènìyàn méjì ni a fi ń sún un. Ẹ̀yìn mi tí ó ń dùn mí báyìí, ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti rà á.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí dára, n kò sì sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ bá a dá ọjọ́ kan. Bí kò bá sí ọjọ́, ọdún méjì yóò pé, yóò ṣì wà níbẹ̀, yóò sì ti dàgbà ju àwọn tí ó ń tọ́jú lọ.

Ọmọ Ìbarà

Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí láti ìgbà tí mo ti kọ lẹ́tà náà, mo sì rò pé ó yẹ kí n jábọ̀. Alábòójútó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ni ó kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àwọn ìyá méjì tí a ń tọ́jú náà lọ bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ kan náà, èmi kò sì rán wọn. Wọ́n ti gba nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa bá mi wà níbẹ̀ ní òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì fún wa ní nọ́ńbà dókítà kan. Bébà wákàtí méjì méjì ti wà lára ògiri. Bàbá àgbẹ̀ sọ fún mi ní àná pé ẹ̀gẹ́ ni òun gbìn, pé bí ó bá tó wú, òun yóò fún mi ní àpò méjì. Lẹ́yìn tí ó tọ̀ tán, ó padà sùn.

Mo ti dá ọjọ́ fún ara mi. Bí oṣù Kejìlá bá parí, tí òru mẹ́rin yòókù kò sì ní nọ́ọ̀sì kejì, èmi yóò kọ̀wé bí ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà lókè òkun ṣe là á sílẹ̀.

Mẹ́tírọ̀n Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìdí-Àbà

O káre, ọmọ mi. Òru ọjọ́ Àìkú tí ó ń bọ̀ yìí ńkọ́, ta ni yóò bá ọ wà níbẹ̀?

Ọmọ Ìbarà

Èmi nìkan ni, mà. Mo ti tẹ lẹ́tà kejì, ó wà nínú àpò mi.